ÌDÓ MÉJÌ: ÌTÀN Ẹ̀BÚTẸ́ ÈKÓ ÀTI OHUN TÍ Ó KỌ́ ARÁ ÀRÍWÁ ÈKÌTÌ

Ìlú tí ń jẹ́ Ìdó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ibi tí àwọn ènìyàn bá dó sí ni wọ́n ń sọ ní Ìdó. Méjì nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Èkínní ni Ìdó-Èkìtì, ìlú Ọlọ́jùdó, tí ó wà ní apá àríwá ilẹ̀ Èkìtì, ní ẹkùn kan náà pẹ̀lú Ọyẹ́ tí í ṣe ìlú Ọlọ́yẹ́ àti Ìkòlé tí í ṣe ìlú Ẹlẹ́kọ̀lé. Èkejì ni Ìdó ti Èkó, tí ó wà láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Òkè àti oko ni ó yí Ìdó èkínní ká. Kò sí odò kan níbẹ̀ tí ó lè gbé ọkọ̀ òkun. Ṣùgbọ́n erékùṣù ni Ìdó kejì ní àtijọ́. Omi ọ̀sà ni ó yí i ká kí wọ́n tó fi iyanrìn àti afárá so ó mọ́ ilẹ̀.

Bí ènìyàn bá wo ìlú méjèèjì lókèèrè, yóò rò pé orúkọ nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ohun tí wọ́n ń kórè ní ẹkùn Ìdó èkínní ti ń gba ẹ̀bútẹ́ Ìdó kejì àti ti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká kọjá lọ sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí ó wá iṣẹ́ lọ sí Èkó ni ó jẹ́ pé Ìdó ni ó ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Èkó, ìbáà jẹ́ nínú ọkọ̀ rélùwéè tàbí nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Nítorí náà, ìtàn Ìdó, Ẹ̀bútẹ́ Èrò, Ọlọ́wọ́gbowó, Àpọ́ngbọ̀n àti etí omi Màrínà kì í ṣe ìtàn àwọn ará Èkó nìkan.

Àdúgbò wọ̀nyí kò jìnnà sí ọkàn ìlú. Ẹni tí ó bá jí ní Ọlọ́wọ́gbowó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ ìjọba àti ilé owó kí oòrùn tó mú. Ẹ̀bútẹ́ ni ó bí wọn. Ọkọ̀ ńláńlá kò sì sí níbẹ̀ mọ́ lónìí. Ìbéèrè tí ìtàn wọn gbé kalẹ̀ ni èyí: bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní ẹ̀bútẹ́, ta ni ẹ̀bútẹ́ kù fún? Ṣé ẹni tí baba rẹ̀ dó síbẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó ní owó láti ra á?

BÍ Ẹ̀BÚTẸ́ ṢE DI ÌLÚ

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn ará Èkó, Ìdó ni Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó. Àrọ́mirẹ́ ni ó rékọjá omi lọ sí erékùṣù tí ó kọjú sí wọn, tí ó sì dá oko ata síbẹ̀. Lórí oko ata náà ni wọ́n kọ́ ààfin Ọba Èkó sí lẹ́yìn náà, ìdí nìyí tí ààfin fi ń jẹ́ Ìgà Ìdúngánrán títí di òní. Àwọn ìdílé Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun bí Àrọ́mirẹ́, Olótò àti Ọjọ́ra, ni wọ́n mọ̀ sí onílẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi èyí sọ́kàn: ní Èkó, àwọn onílẹ̀ ti wà kí ọkọ̀ òyìnbó tó dé.

Ẹ̀bútẹ́ ni ó sọ ìlú náà di ńlá. Orúkọ Ẹ̀bútẹ́ Èrò fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn: ibi tí àwọn èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni. Láti Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀jìnrìn, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ti ń gbé oúnjẹ àti ọjà wá sí ibẹ̀. Ọjà mìíràn tún wà tí kò dùn ún sọ. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà ayé Ọba Akínṣẹ́móyìn, àwọn oníṣòwò Potogí rí àyè wọ Èkó, òwò ẹrú sì gbilẹ̀. Ènìyàn tí ogun kó ní òkè ọ̀nà ni wọ́n ń tà ní etí omi.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. William McCoskry ni ó ń ṣe adelé fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò náà. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, àwọn ará Èkó sì sọ ọ́ ní Àpọ́ngbọ̀n. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ àdúgbò etí omi tí ó ń gbé, kò sì tíì ṣí kúrò níbẹ̀.

Láàárín ọdún wọ̀nyí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú ń padà bọ̀. Àwọn Sàró, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lójú òkun tí wọ́n sì ti gbé ní Freetown, tẹ̀dó sí Ọlọ́wọ́gbowó. Àwọn Àgùdà, tí wọ́n ti Bràsíìlì àti Kúbà dé, tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Àwọn ènìyàn Òṣòdì Tápà, tí wọ́n ti bá Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, padà dé ní ọdún 1862, ibi tí wọ́n dó sí sì ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fẹ́ ibi tí ó sún mọ́ omi, nítorí pé etí omi ni iṣẹ́ wà. Ilé tí wọ́n kọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Baba kọ́ ọ, àwọn ọmọ jogún rẹ̀, kò sì sí ọmọ tí ó lè dá a tà láì gba ìmọ̀ràn àwọn yòókù. Ilé ẹbí nìyí, tí ara Ìkòlé ń pè ní ulé ní èdè tirẹ̀.

ẸRÚ ÀTI ÌBỌN

Nínú àwọn tí ó ń padà bọ̀ ni àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà. Ogun Ìbàdàn, ti Ìlọrin àti ti Nupe ti fi ojú ilẹ̀ Èkìtì rí màbo ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìlú àríwá Èkìtì kò sì yọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n tà ní etí omi gẹ́gẹ́ bí ẹrú, ọmọ rẹ̀ padà wá sí etí omi kan náà gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí olùkọ́. Kò sì gbàgbé ilé.

Nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí ogun Kírìjì sì bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1878, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé Èkó ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Èkìtì Parapọ̀ ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà pẹ̀lú ti àwọn ọmọ ogun tí ó wà lójú ìjà. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n kọ ìwé sí ìjọba, wọ́n sì ra ìbọn ìgbàlódé tí à ń ki láti ẹ̀yìn, èyí tí ó yára ju ṣakabùlà lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀nà omi ni ohun ìjà ń gbà dé ìhà ìlà-oòrùn ọ̀sà, kí àwọn alárù tó gbé e gba ilẹ̀ Oǹdó lọ sí òkè. Gómìnà Glover ni ó ti ṣí ọ̀nà Oǹdó yìí ṣáájú ogun náà, kí òwò má bàa dúró lé ọ̀nà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú nìkan.

Ìró ìbọn ni ó fún ogun náà ní orúkọ Kírìjì. Ní ọdún 1886 ni wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ohun tí ó yẹ kí a rí nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ń gbé ní ẹ̀bútẹ́ Èkó ni wọ́n jẹ́ kí àwọn tí ó wà ní òkè lè dúró. Bí àwọn Sàró àti Àgùdà wọ̀nyí kò bá ní ilé ní etí omi, níbi tí wọ́n ti lè pàdé, kí wọ́n tọ́jú owó, kí wọ́n sì gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ tí ó dé, ọ̀rọ̀ ogun náà ìbá ti gba ọ̀nà mìíràn.

RÉLÙWÉÈ ÀTI KÒKÓ

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọkọ̀ òkun ńláńlá kò lè wọ ọ̀sà Èkó. Iyanrìn ti dí ẹnu ọ̀nà omi, ìgbì ibẹ̀ sì le. Ọ̀pọ̀ ẹrù ni wọ́n ń já sí Forcados, kí ọkọ̀ kéékèèké tó gbé e wá sí Èkó. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta di ọ̀nà ìgbì, wọ́n sì ń wa iyanrìn kúrò. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní fi máa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọlé wá sí etí Màrínà.

Rélùwéè sì ti dé ṣáájú èyí. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i títí dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1901 kan náà ni wọ́n ṣí Afárá Carter, tí ó so Ìdó pọ̀ mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti ìgbà náà ni Ìdó ti di ẹnu ọ̀nà Èkó ní tòótọ́: ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí. Nígbà tí irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ilẹ̀ Èkìtì sún mọ́ òkun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin kò dé inú rẹ̀.

Kòkó ni ó jẹ́ kí àríwá Èkìtì mọ ìyàtọ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó ní Ìkòlé tàbí ní Ọyẹ́ a sá a sí oòrùn, a dì í sí àpò, alárù a rù ú lórí ní àkókò tí ọ̀nà ọkọ̀ kò ì tíì dára, ọkọ̀ akẹ́rù a sì gbé e nígbà tí ọ̀nà là. Láti Òṣogbo tàbí Ìbàdàn ni ó ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1926 ni wọ́n ṣí ẹ̀bútẹ́ ńlá ti Àpápá, tí irin dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ òkun gan-an. Owó tí kòkó mú wá wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955. Nítorí náà, àpò tí ọmọ Èkó kan gbé lé èjìká ní Àpápá wà lára ohun tí ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ àgbẹ̀ kan jókòó sí ní Ìdó-Èkìtì.

Ìgbésí ayé etí omi ní àkókò náà le, ṣùgbọ́n ó ní ètò tirẹ̀. Àwọn aláàárù ń retí ọkọ̀ ní òwúrọ̀. Àwọn akọ̀wé aṣọ́bodè àti ti àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń gba Màrínà lọ pẹ̀lú aṣọ funfun. Àwọn obìnrin ń ta oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì ń ra aṣọ ní òsùnwọ̀n láti tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan níwájú ilé. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ilé ni ibi ìdáná, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ibùsùn. Ìyá kò ní láti san owó ọkọ̀ kí ó tó dé ọjà. Ọmọ kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bí àìsàn bá dé, ìbátan wà nítòsí. Ọrọ̀ ibẹ̀ nìyí, èyí tí a kò kọ sínú ìwé ìṣírò ẹnikẹ́ni.

ẸJỌ́ OLÓYÈ OLÚWA

Bí ẹ̀bútẹ́ ṣe ń tóbi ni ìjọba ń fẹ́ ilẹ̀ sí i. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Àmódù Tìjání, Olúwa ti Èkó, tí ilẹ̀ náà wà ní ìkáwọ́ ìdílé àti àwọn ènìyàn rẹ̀, béèrè owó gbà-má-bínú. Ìjọba kò sọ pé kò ní gba nǹkan kan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kì í ṣe òun ni ó ni ilẹ̀, pé ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti pé owó kékeré ni ó yẹ ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ kéré. Ilé ẹjọ́ gíga ní ilẹ̀ yìí gbè sí ìjọba lẹ́yìn.

Olóyè náà kò jókòó tì í. Ní ọdún 1920 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, ó mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ dání. Ní ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí í ṣe ilé ẹjọ́ àṣekágbá nígbà náà, dá ẹjọ́ pé kò yẹ kí a fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ àwọn ènìyàn yìí. Wọ́n ní àwùjọ ni ó ni ilẹ̀ ní kíkún, pé olóyè ń dì í mú fún wọn ni, àti pé fífi tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861 kò pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Nítorí náà, owó tí ó bá ilẹ̀ mu pátápátá ni ìjọba gbọ́dọ̀ san.

Ìdájọ́ náà lókìkí jákèjádò ilẹ̀ Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso àti ní ìkọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyèsí ohun tí ó ṣe àti ohun tí kò ṣe. Ó fi hàn pé ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Kò sọ pé a kò lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n san owó, ẹ̀bútẹ́ sì dúró.

ÀRÙN, ÌGBÌMỌ̀ ÀTI SURÙLÉRÈ

Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn àdúgbò tí ilé ti há mọ́ra, tí omi ẹlẹ́gbin kò rí ọ̀nà ṣàn, ni ó bà jẹ́ jù. Ní ọdún 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa tún ìlú ṣe, èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí L.E.D.B. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò yẹ kí a tún ibẹ̀ ṣe. Àrùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1955, tí òmìnira ń bọ̀, tí àwọn aláṣẹ sì ń fẹ́ kí olú ìlú dára lójú àlejò, ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó. Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn fẹ̀ tó nǹkan bí 70 éékà. Àwọn tí a lé ni a fún ní ilé àyágbé ní Surùlérè, ní ìlú tuntun tí ó wà lórí ilẹ̀ ńlá.

Ọ̀mọ̀wé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, lọ wádìí bí nǹkan ti rí fún wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí kì í ṣe ohun tí ìjọba ń retí. Ilé Surùlérè dára, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀, omi ń ṣàn. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ń jẹ owó oúnjẹ. Obìnrin tí ó ń tajà níwájú ilé rẹ̀ ní Èkó kò rí oníbàárà mọ́. Arúgbó tí àwọn ọmọ ń ràn lọ́wọ́ lójoojúmọ́ di ẹni tí a ń bẹ̀ wò ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n sọ fún àwọn onílé pé wọ́n lè padà wá ra ilẹ̀ wọn nígbà tí a bá tún un ṣe tán, ṣùgbọ́n iye tí a ń bèèrè ju èyí tí a san fún wọn lọ, òfin ilé kíkọ́ sì le. Díẹ̀ ni ó lè padà.

Èyí ni kókó ìtàn yìí. Ilé tí ó ti ṣá ni ìjọba wó, àmọ́ kì í ṣe ilé nìkan ni ó wó. Ẹbí tí ó wà ní ojú kan tú ká, iṣẹ́ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà sì bọ́.

NÍGBÀ TÍ ỌKỌ̀ LỌ

Díẹ̀ díẹ̀ ni ọkọ̀ òkun kúrò ní etí Ìsàlẹ̀ Èkó. Àpápá ni ó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Màrínà. Wọ́n mú un gbòòrò sí i ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Ní ọdún 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ru sìmẹ́ńtì, tò sí ojú òkun Èkó tí wọn kò rí àyè gúnlẹ̀. Nítorí èyí ni ìjọba fi yára kọ́ ẹ̀bútẹ́ Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977. Ní àkókò kan náà ni wọ́n rọ́ iyanrìn sí etí Màrínà tí wọ́n sì la ọ̀nà gbòòrò síbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ òkun ń so okùn mọ́ tẹ́lẹ̀ di ibi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń sáré. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ẹ̀bútẹ́ omi jíjìn ti Lẹ́kkí, tí ó jìnnà réré sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò dé Màrínà, ní etí omi gan-an.

Èkó kọ́ ni irú èyí ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọkọ̀ ti tóbi jù fún odò Thames, tí kọ̀ńténà sì dé, wọ́n ti ẹ̀bútẹ́ Surrey Docks ní ọdún 1970, wọ́n sì ti àwọn Royal Docks ní ọdún 1981. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀bútẹ́ di aláìríṣẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí tí ó ṣófo ni àwọn olówó sọ di ilé gbígbé, ilé owó gíga-gíga sì dìde. Kò jìnnà sí Surrey Docks ni Peckham wà, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé lónìí. Ọmọ òṣìṣẹ́ ẹ̀bútẹ́ tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ odò náà kò fi bẹ́ẹ̀ lè san owó ilé etí omi mọ́.

Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọjà kò lọ. Ìdúmọ̀tà, Balógun, Àpọ́ngbọ̀n àti Ẹ̀bútẹ́ Èrò ń kún sí i lójoojúmọ́. Ohun tí ó ń dínkù ni ẹni tí ń sùn níbẹ̀. Iyàrá tí ìyá àgbà kan ń gbé lè mú owó púpọ̀ wá bí ó bá di ibi ìkẹ́rùsí. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ́lé sí Ìkẹjà tàbí Ìkòròdú a sì bi ara wọn léèrè pé kí ni àǹfààní ilé tí kò ní ju ìyá àgbà kan nínú. Báyìí ni a ń sọ ilé di ṣọ́ọ̀bù, tí a sì ń gbé àjà kan lé òmíràn lórí ìpìlẹ̀ tí kò lè rù ú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fáàjì, tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ni ó kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó ilé Àgùdà tí ń jẹ́ Ìlọ́jọ̀ Bar ní ẹ̀gbẹ́ ojúde Tinúubú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956.

Síbẹ̀ àwọn kan dúró. Ní àwọn ìgà Ìsàlẹ̀ Èkó àti ní àwọn agbo ilé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ilé ẹbí ṣì wà tí a kò tà nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè dá a tà. Ọmọ tí ń gbé ní òkèèrè a padà wá síbẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti Ẹ̀yọ̀. Àṣà tí àwọn kan ń bú pé ó ń fa ìjà láàárín ọmọ ìyá, òun náà ni ó di ilé mú nígbà tí ìwé ìjọba kò lè dì í mú.

OHUN TÍ Ó ṢE ÀBÓYADÉ

Àwọn àgbà ní ohun tí ó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ṣe. Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí ní Ìkòlé, ní Ọyẹ́ tàbí ní Ìdó-Èkìtì lè rò pé ọ̀rọ̀ etí omi kò kan òun. Kí ó wo ilé tirẹ̀. Ní ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkòlé; ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ọgbọ̀n àti àlàáfíà ni wọ́n mú wá, ó sì tọ́ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ òkun ti sọ etí omi Èkó di ohun olówó iyebíye, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ń wá ilé ṣe lè sọ ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Oko kòkó baba ńlá lè di ilé akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún kan. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdílé tí kò bá ní àkọsílẹ̀ kankan lè rí i pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ẹ̀bútẹ́ Èkó fi sílẹ̀ fún wọn. Èkínní, ohun tí ó mú ọrọ̀ wá sí ìlú lè kúrò, ìbáà ṣe ọkọ̀ òkun, kòkó tàbí ilé ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ nìkan ni kì í kúrò, àfi bí a bá tà á. Èkejì, Olóyè Olúwa borí ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé ó mọ ìtàn ilẹ̀ rẹ̀, ó sì rí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ìdílé tí ó bá mọ ààlà rẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ àwọn tí ó ni ín sínú ìwé nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láàyè, ti ṣe ìdajì ẹjọ́ kí ẹjọ́ tó dé. Ẹ̀kẹta, bí àtúnṣe ìlú bá dé, kí àwọn ará ìlú má ṣe béèrè iye owó nìkan. Kí wọ́n béèrè ibi tí obìnrin tí ń tajà níwájú ilé yóò ti máa tà á, àti ẹni tí yóò máa bẹ arúgbó wò.

Àwọn tí ó dó sí Ìdó ti Èkó àti àwọn tí ó dó sí Ìdó ti Èkìtì kò mọ ara wọn. Ohun kan náà ni wọ́n ń wá: ibi tí ènìyàn lè gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, kí ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, ibí ni ilé wa. Ọkọ̀ ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ kúrò ní ẹ̀bútẹ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí ó ṣì ń tan àtùpà nínú ilé ẹbí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní alẹ́, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá ti tì, ni ó jẹ́ kí ibẹ̀ ṣì máa jẹ́ ìlú. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ará Ìkòlé, Ọyẹ́ àti Ìdó tètè da tiwọn.